Ka Ìdájọ́ Náà Fúnra Rẹ: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ṣe Lè Fi Ìròyìn Ilé Ẹjọ́ Múra Sílẹ̀ fún Iṣẹ́

Mo ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú àwọn tó ń yan ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò sẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo wọn, bó ti wù kí máàkì wọn pọ̀ tó: "Ìdájọ́ wo lo kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lóṣù yìí, kí lo sì rí níbẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dákẹ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa ẹjọ́ náà, wọ́n rí i lórí fóònù, wọ́n tiẹ̀ ti bá ẹlòmíràn jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n wọn ò kà á. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan dáhùn pé òun ka ọ̀kan tán, pé ìpínrọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun kò fara mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. A kò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìdájọ́ tuntun fúnra rẹ̀, tó sì ń kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Kò sí ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè tí kò sí níbẹ̀. Wàá ka ìwé gígùn láìsùn lé e lórí, wàá yọ kókó jáde, wàá fi ọ̀wọ̀ ta ko àgbà, wàá sì sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò kọ́ òfin yóò fi lóye. Àwọn àgbà ní ẹjọ́ là ń kọ́, ẹnìkan kì í kọ́ ìjà. Bí mo ṣe rò pé ó yẹ ká máa kọ́ ọ nìyí.

1. Kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó wà níwájú rẹ

Èyí kò gba ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí kò ṣe é ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà tí a ń gbà di agbẹjọ́rò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn ló sábà máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ọdún 3 ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, kí ìdánwò ìpínlẹ̀ tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ tó kàn. Ní England àti Wales, ìdánwò SQE ti wà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 fún àwọn tó fẹ́ di solicitor (agbẹjọ́rò tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn), ó sì so mọ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún 2, tí a lè kó jọ láti ibi iṣẹ́ tí kò ju 4 lọ. Ní Nàìjíríà, ẹni tó gba LL.B, oyè àkọ́kọ́ nínú òfin, gbọ́dọ̀ gba Nigerian Law School kọjá kí Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin, tó gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ní India, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní láti yege nínú All India Bar Examination.

Mú ìwé kan, kọ ìgbésẹ̀ tìrẹ sí i pẹ̀lú ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan ń parí. Kọ ohun tó lè wọ inú ìrírí iṣẹ́ rẹ sí i pẹ̀lú. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibi ìrànwọ́ òfin fún aláìní lè kà á mọ́ ọdún 2 ti SQE bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ bá buwọ́ lù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí á ṣiṣẹ́ náà tán, kò ní kọ ọjọ́ sílẹ̀, kò ní gba ìbuwọ́lù, iṣẹ́ a sì ṣe gbé.

2. Wá ìwé ìdájọ́ náà rí

Ìròyìn ló ń sọ fún ọ pé ẹjọ́ ti wáyé; ìròyìn kọ́ ni ẹjọ́. Akọ̀ròyìn ní wákàtí méjì péré láti gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ìwọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lo àǹfààní yẹn.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ńlá ló ń gbé ìdájọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ojúlé àwọn ilé ẹjọ́ fúnra wọn, BAILII wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, Find Case Law ti National Archives náà sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2022. CanLII wà fún Canada, AustLII fún Australia, SAFLII fún gúúsù Áfíríkà, Indian Kanoon fún India, CourtListener fún Amẹ́ríkà. O kò ní san kọ́bọ̀ lórí èyíkéyìí nínú wọn.

Àmọ́ o, ṣọ́ra fún ìwé méjì tó jọ ìdájọ́ tí kì í ṣe ìdájọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ojú ewé méjì sí mẹ́ta ṣe àkópọ̀ fún àwọn oníròyìn. A kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe ara ìdájọ́. Ti Amẹ́ríkà máa ń fi ọ̀rọ̀ àkópọ̀ tí wọ́n ń pè ní syllabus ṣáájú ìdájọ́. Òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe àwọn adájọ́. Kà wọ́n kí o lè mọ ojú ọ̀nà. Má fa ọ̀rọ̀ yọ nínú wọn bí ẹni pé adájọ́ ló sọ ọ́.

Bí adájọ́ bá ti ka ìdájọ́ lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde, dúró dè é. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí o kò lè dúró, sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ìwé ìdájọ́ kò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

3. Kà á láti ẹ̀yìn

Lọ sí òpin rẹ̀ ná. Kí ni ilé ẹjọ́ pàṣẹ? Ta ló ní kí ó ṣe kí ni, títí dìgbà wo? Àṣẹ yẹn ni ìdájọ́. Àlàyé rẹ̀ ni gbogbo ojú ewé tó kù. Lẹ́yìn náà kí o padà síwájú láti mọ ibi tí ẹjọ́ dé. Ṣé wọ́n ti gbọ́ ẹlẹ́rìí, àbí ọ̀rọ̀ òfin nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí? Ṣé ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni, àbí ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Ìgbà yẹn ló tó kan ìṣẹ̀lẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìbéèrè tí àwọn adájọ́ gbé síwájú ara wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi dáhùn bí wọ́n ṣe dáhùn.

Jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ ṣàpẹẹrẹ, nítorí ó fi hàn kedere ohun tí à ń pàdánù bí a kò bá béèrè ibi tí ẹjọ́ dé. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, May Donoghue mu ginger beer tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un. Ìgò náà ṣókùnkùn, ènìyàn kò lè rí inú rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n da ìyókù sínú ife, ìgbín tó ti jẹrà bá a jáde. Òun kọ́ ló ra nǹkan mímu náà, nítorí náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn lórí rẹ̀. Ó pe David Stevenson tó ṣe ginger beer náà lẹ́jọ́. Ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, ó dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain nígbà náà, wọ́n sì dá a ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 1932. Adájọ́ mẹ́ta gbè é, méjì kò gbè é.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lónìí, àkọlé ìròyìn á ní: "Ilé ẹjọ́ dá obìnrin tó bá ìgbín nínú ìgò láre." Irọ́ gbuu ni. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé ìgbín wà nínú ìgò. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó tíì sọ̀rọ̀ nípa ìgbín. Ìbéèrè tó wà níwájú wọn ni pé, ká ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí obìnrin yìí wí, ṣé òfin fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó ṣe nǹkan náà lẹ́jọ́ nígbà tí kò sí àdéhùn láàárín wọn? Àwọn mẹ́ta ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì dá ẹjọ́ padà sí Scotland kí wọ́n lọ gbọ́ ẹ̀rí. Stevenson kú nínú ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn láìdé ilé ẹjọ́ mọ́. Títí di òní, kò sí adájọ́ tó sọ bóyá ìgbín wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni òfin àìbìkítà (negligence) ti òde òní ti gbilẹ̀. Wo bí ẹjọ́ náà ṣe tóbi tó, kí o sì wo bí ohun tí wọ́n pàṣẹ ṣe kéré tó. Àárín ohun méjèèjì yìí ni iṣẹ́ rẹ wà.

Nígbà tí o bá dé ibi àlàyé àwọn adájọ́, ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ìdí tí ẹjọ́ fi já síbi tó já sí, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ratio. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí adájọ́ bá pàdé lójú ọ̀nà tó sì sọ. Nínú ẹjọ́ ìgbín yìí, Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó gbè é, sọ̀rọ̀ gbígbòòrò nípa ọmọnìkejì wa, pé kí a ṣọ́ra fún ìwà tó lè pa ẹni tó sún mọ́ wa lára. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ayé ń fà yọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹjọ́ náà dá gan-an mọ níwọ̀n: ẹni tó bá ṣe ọjà tó fẹ́ kó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó láìsí pé ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, ẹni náà jẹ olùlò ní gbèsè ìṣọ́ra. Bí o bá fi èyí tó gbòòrò rọ́pò èyí tó mọ níwọ̀n nínú ohun tí o kọ, agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ yóò rí i ní ìṣẹ́jú kan.

Má sì fo ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ló máa ń sọ ibi tí ìdájọ́ náà ti lè yẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ẹ wá àtakò tí ìwọ fúnra rẹ ì bá fi ọ̀sẹ̀ kan wá.

4. Mọ ohun tí ọ̀rọ̀ inú àkọlé ìròyìn ń sọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, èmi náà ti ṣubú níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn kan jáde pé ilé ẹjọ́ fagi lé ẹjọ́ tí wọ́n pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan. Mo kọ ojú ewé kan, mo ní ilé ẹjọ́ ti wẹ ọkùnrin náà mọ́, mo fún gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ mi kà á, ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì gbé ìdájọ́ náà síwájú mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ tí wọ́n gbé e lọ kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa bóyá ọkùnrin náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó yẹ. Mo ní láti lọ bá àwọn tí mo fún níwèé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àṣẹ kí n tó ka ohunkóhun.

Nítorí náà, bí o bá rí i pé wọ́n "fagi lé" ẹjọ́ tàbí wọ́n "dá a nù", béèrè: ṣé wọ́n gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó dá a nù ni, àbí wọ́n kàn ní kí wọ́n gbé e kúrò níbí? Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ tó ń lo òfin irú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ tí wọ́n kàn gbé kúrò nílẹ̀ lè padà wá. Èyí tí wọ́n gbọ́ tán tí wọ́n sì dá nù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan ló kù fún un.

"Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́" tún jẹ́ òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń bẹ ilé ẹjọ́ yẹn lọ́dọọdún kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn, èyí tó ń gbọ́ ní kíkún kì í tó 100. Adájọ́ 4 nínú 9 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbà á. Kíkọ̀ wọn kò túmọ̀ sí pé wọ́n fara mọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ sọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "wọ́n ti fọwọ́ sí i" ti ṣì wọ́n gbọ́.

Àṣẹ ìdádúró fún ìgbà díẹ̀ náà wà. Ilé ẹjọ́ lè ní kí ìjọba dáwọ́ dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́. Kò tíì sẹ́ni tó borí. Adájọ́ kàn ń ṣọ́ ilé kí ẹnikẹ́ni má baà wó o kí onílé tó hàn ni.

Ìwé tó jò kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ (draft) ti ìdájọ́ ẹjọ́ Dobbs lórí oyún ṣíṣẹ́ jò síta ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà ni ìdájọ́ gan-an jáde. Odidi ọjọ́ 53 ló wà láàárín wọn, ìdájọ́ Roe ti 1973, tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́ oyún, tí Dobbs wá fagi lé, ṣì ni òfin ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Àìmọye ènìyàn ló ti ń kọ ọ́ pé òfin ti yí padà.

5. Kọ ọ́: ọ̀rọ̀ 600 sí 800, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé gígùn ni ọgbọ́n. Ẹni tí yóò kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ ohun tí ilé ẹjọ́ dá, ọjọ́ tó dá a, iye adájọ́ tó gbè é àti iye tí kò gbè é. Fi èyí tó tẹ̀ lé e sọ ìbéèrè tó le jù nínú ẹjọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo, kí o fi ibi tó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ dáhùn ún. Ní ìparí, sọ ẹni tí ìdájọ́ náà kàn àti ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣe lọ́la.

Mo fẹ́ fi bí gbólóhùn ṣe ń yàtọ̀ hàn ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ báyìí: "Ilé ẹjọ́ ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lómìnira, inú gbogbo aráàlú sì dùn." Kò sí ọjọ́, kò sí ilé ẹjọ́, kò sí àṣẹ, "gbogbo aráàlú" kò sì jẹ́rìí níbì kankan. Wo èyí tí mo fẹ́ràn jù:

"Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, adájọ́ 6 sí ẹyọ 1, pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà láti àpò ìjọba àpapọ̀, láìgba ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abala 162 (6) nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjùmọ̀ní tí owó náà yóò máa wọ̀. Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe gba ibẹ̀ kọjá?"

O rí i? Nínú gbólóhùn mẹ́ta, òǹkàwé ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ti fẹ́ mọ èyí tó kù. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ gbà: pé ó wo ète tí ìwé òfin fi ní kí owó gba àpò yẹn, ó rí i pé owó kì í dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ó sì mú ète borí ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni èrò tìrẹ tó wọlé. O lè gbè é, o lè ní iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni kí wọ́n tún abala náà ṣe, pé adájọ́ kò yẹ kó bá wọn ṣe é. Èyí tó wù kí o mú, dáhùn ohun tó lágbára jù tí ẹni tí kò fara mọ́ ọ lè wí. Má ṣe yan èyí tó rọrùn láti lu bolẹ̀.

Kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun gbogbo tí o bá fà yọ. Ó jọ nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n òun ni agbẹjọ́rò àgbà á kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá o kà á lóòótọ́.

6. Ohun tó lè ba orúkọ rẹ jẹ́

Ẹjọ́ tó bá wà níwájú ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ ní ewu tirẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1981 lórí títàbùkù ilé ẹjọ́ lè mú ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó lè ṣèdíwọ́ ńlá fún ẹjọ́ tó ń lọ jáde, ì báà má tiẹ̀ ní in lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn: títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń jẹ́, kì í ṣe ọ̀daràn, kì í ṣe olè.

Bí o bá ń kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, má kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹjọ́ tó gba orí tábìlì ibẹ̀ kọjá. Bí o tiẹ̀ yí orúkọ padà, má kọ ọ́. Àṣírí oníbàárà kì í ṣe tìrẹ láti tú, àwọn tó ń gba ènìyàn sẹ́nu iṣẹ́ òfin sì máa ń yẹ ìwà wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó fún un láṣẹ.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù lákòókò yìí ni ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ní New York, Adájọ́ P. Kevin Castel ní kí àwọn agbẹjọ́rò san owó ìtanràn dọ́là 5,000 nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca, nítorí wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hun jọ wá síwájú ilé ẹjọ́. Orúkọ àwọn ẹjọ́ náà dún bí ti gidi, nọ́ńbà wà lára wọn, ọ̀rọ̀ adájọ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹjọ́ kò sì wáyé rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní London tún kìlọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ìtọ́ka 45 ni wọ́n tò, 18 nínú wọn kò sí níbì kankan láyé. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rọrùn. Ẹjọ́ tí o kò bá tíì ṣí lójú ara rẹ lórí ọ̀kan nínú àwọn ojúlé tí mo dárúkọ lókè, má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ fún ọ pé ẹjọ́ kan wà, lọ wá a. Bí o kò bá rí i, kà á sí pé kò sí.

7. Sọ ìwé rẹ di iṣẹ́

Bí o bá ti kọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, yan méjì tó dára jù, kí o gbé wọn fún ẹni tó mọ ìhà òfin yẹn. Má fi ìwé gígùn bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Kọ nǹkan bíi:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ọdún kẹta ni mí. Mo ka ìdájọ́ tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ẹ̀tọ́ ayálégbé, mo sì kọ ojú ewé méjì lé e lórí. Mo rò pé ìpínrọ̀ kọkàndínlógún ta ko ohun tí ilé ẹjọ́ kan náà sọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí n ṣì í kà. Bí ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi sọ ibi tí mo ti ṣìnà."

Mo ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Mo dáhùn, nítorí ó béèrè ohun tí mo lè dáhùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́tà tó ní "ẹ jọ̀wọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́, mo ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́" ń béèrè gbogbo ayé mi.

Lọ jókòó ní ilé ẹjọ́ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ka ìwé ẹjọ́ kan tán, kí o wá lọ wo bí agbẹjọ́rò ṣe ń dúró, bó ṣe ń dákẹ́ nígbà tí adájọ́ bá ń kọ̀wé, bó ṣe ń gbà pé òun kò mọ nǹkan kan láìtijú. Ìwé kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Ìdíje àròyé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ro ẹjọ́ bí agbẹjọ́rò, náà dára, irú bíi ti Jessup lórí òfin àgbáyé tó ti wà láti ọdún 1960, pàápàá fún ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n bí àkókò rẹ kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ kí o pa ìwé kíkọ mọ́.

Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ, má kọ "mo nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ òfin tó ń lọ." Kọ orúkọ ìdájọ́ mẹ́ta tí o kọ̀wé lé lórí, kí o sì rí i dájú pé o lè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìwo ìwé. Ẹni tó bá ń bi ọ́ léèrè á mú ọ̀kan níbẹ̀. Ó dájú.

8. Nígbà tí ilé ẹjọ́ bá fi hàn pé o ṣì í

Yóò ṣẹlẹ̀. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn á yí ìdájọ́ tí o yìn padà, tàbí òfin tí o rò pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ á wó. Ìdájọ́ Chevron ti ọdún 1984 ní Amẹ́ríkà, tó ní kí adájọ́ tẹ́tí sí bí iléeṣẹ́ ìjọba bá ṣe túmọ̀ òfin tí kò yé kooro, lo ogójì ọdún kí ilé ẹjọ́ kan náà tó fagi lé e nínú ẹjọ́ Loper Bright, ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2024. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ènìyàn ní Chevron ní láti jókòó tún ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kọ.

Bó bá kàn ọ́, má pa ohun tí o kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ṣí i, lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọ ọjọ́ òní sí i, kí o kọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ báyìí, kí o sì sọ ní gbólóhùn kan ìpínrọ̀ tí o kò kà dáadáa tàbí àríyànjiyàn tí o fojú kéré. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ní irú àfikún bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lára ìwé méje tó gbé wá. Àwọn àfikún yẹn ni mo kọ́kọ́ kà.